Òkúta Tí Bàbá Mi Fi Ń Gé Gíláàsì

Ohun tó ń rẹ̀ mí jù nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́. Ìrìn ni. Láti ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn gba Boundary kọjá kí n tó já sí Àpápá, nítorí àwọn tírélà tó ń dúró de ẹrù ní èbúté Tin Can ti dí ojú ọ̀nà pa, ẹni tó wọ ọkọ̀ kò ní í yá ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí n tó dé yáàdì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Creek Road, òógùn á ti lẹ búláòsì mi mọ́ ẹ̀yìn, bàtà mi á sì ti dúdú fún ọ́ìlì tó ń ro sílẹ̀ lábẹ́ àwọn tírélà náà. Màá wá jókòó ti ìwé láti aago mẹ́jọ títí di aago márùn-ún, eruku òkúta á máa bà lé mi lórí bí ẹlùbọ́. Tí mo bá padà délé nírọ̀lẹ́, n kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ara tí mo gbé wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Ara tó bá ti rẹ̀ máa ń wá ọ̀nà àbùjá.

Bàbá mi, oníṣẹ́ gíláàsì ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé tí à ń gbé, pákó lára, páànù lórí, tábìlì gbọọrọ kan tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé ló sì gba gbogbo inú rẹ̀. Lúfà ni wọ́n ń gé jù, nítorí fèrèsé lúfà ló wà lóde nígbà náà, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa sì ń fọ́ ọ bí ẹni pé bàbá mi ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Wọ́n tún ń gé gíláàsì fọ́tò, dígí àwọn onígbàjámọ̀, àti ti àpótí tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí.

Ohun tí wọ́n fi ń gé e kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Igi dúdú ni èèkù rẹ̀, idẹ ni orí rẹ̀, ẹnu idẹ náà ni hóró dáyámọ́ńdì kan wà tí kò tó hóró gàrí méjì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba fúrídọ̀mù, lẹ́yìn ọdún méje tí wọ́n fi sìn ín. Ó ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa òkúta náà, ọwọ́ Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan lé e: "Dáyámọ́ńdì tòótọ́, òòlù kì í fọ́ ọ." Bàbá mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. Fọ́tò ọ̀gá náà wà lára pákó ṣọ́ọ̀bù, nínú férémù tí bàbá mi fúnra wọn gé gíláàsì rẹ̀. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ń gbàdúrà kí wọ́n tó tẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀, "Ọlọ́run ọ̀gá mi" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn agégíláàsì ayé ìgbà náà kì í yá ẹnikẹ́ni ní òkúta wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ahun. Òkúta náà máa ń mọ ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ni. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe tẹ̀ sí i ni ẹnu rẹ̀ á ṣe máa jẹ lọ, tó bá wá pẹ́, bí ẹlòmíràn bá mú un, kò ní í ṣe ju pé kó ha gíláàsì lásán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í ha gíláàsì. Ìlà kan ṣoṣo ló ń fà, ó tín-ín-rín débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ìró rẹ̀ á sì lọ "ṣíì" bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí o bá ti gbọ́ "kẹ̀ẹ̀", gíláàsì yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èmi ni mo máa ń bá wọn lọ wọn fèrèsé àwọn ènìyàn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni wọ́n ti fi téèpù lé mi lọ́wọ́. Oníbàárà á wá, bàbá mi á ní kí n tẹ̀ lé e, màá lọ wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́ sára páálí, màá mú un wá. Wọn ò tún un wọ̀n rí. Àwọn kan á bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọmọdé tó báyìí? Bàbá mi á ní, "Ìwọ̀n ọmọ mi, ìwọ̀n mi ni." Gíláàsì kò ṣeé gé lẹ́ẹ̀mejì; tó bá fi bíńtín kúrú, ó ti ṣòfò. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú mi. Mo dàgbà tán, mo kàwé, mo ríṣẹ́ sí Àpápá, ìyá mi sì kú. Gbogbo ìgbà yẹn, ní ọjọ́ Sátidé, èmi náà ni mo ṣì ń lọ wọ̀n ọ́n.

Òkúta ni wọ́n ń gé ní yáàdì tí mo ti ń ṣiṣẹ́: mábù àti gíránáìtì tó ń wọlé láti ojú omi, èyí tí àwọn olówó ń tẹ́ sílẹ̀ ilé wọn. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Lára ohun tó wà lábẹ́ mi ni bíléèdì tí wọ́n fi ń gé òkúta náà, irin pẹlẹbẹ rìbìtì, tí ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì wà nínú eyín rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á nínú ìwé ẹrù, mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Dáyámọ́ńdì kẹ̀? Nínú ayùn? Èmi tí mo rò pé àwọn ìyàwó ọ̀gágun nìkan ló ń fi sọ́wọ́.

Mo lọ bi ẹnjiníà wa. Ará Abẹ́òkúta ni, ó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ràn kó máa kọ́ ènìyàn ní nǹkan ju kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó wo pẹ́ńsù tó wà létí mi.

"Ṣé o rí pẹ́ńsù yẹn? Inú rẹ̀, èédú tí wọ́n fi ń yan àgbàdo, àti dáyámọ́ńdì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kábọ̀n ni gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà ló yàtọ̀."

Ó fà mí lọ síbi bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí kò sí kànga tó lè dé e ló ti dì. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, gbogbo ẹrù ilẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á wà níbẹ̀ fún iye ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán, kí iná abẹ́ ilẹ̀ tó tì í wá sókè fún àwọn tó ń wà á. Àwọn òyìnbó wá ní kí ló dé tí àwọn á fi máa dúró. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fún nǹkan pọ̀, agbára rẹ̀ kọjá ohun tí èmi àti ẹnjiníà lè fojú inú wò. Wọ́n á fi irú kábọ̀n inú pẹ́ńsù yìí sí i, wọ́n á fi irin sí i, wọ́n á fi hóró dáyámọ́ńdì bíńtín kan sí i bí irúgbìn. Wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Irin á yọ́, kábọ̀n á yọ́ sínú irin, á wá máa dì mọ́ ara irúgbìn yẹn díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ ṣe ń dì sétí ìkòkò. Ó ní ti ìyẹ̀fun ara bíléèdì kì í pẹ́ rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ hóró kan tó ṣeé dì mú, á gbà tó ọjọ́ mélòó kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ayédèrú ni ká pè é?"

"Ayédèrú báwo? Ọmọ tí wọ́n bí sílé àti ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù, èwo ni ayédèrú nínú àwọn méjèèjì? Gíláàsì dídán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òrùka ní ọjà, ìyẹn layédèrú." Ó ní ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò pọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ṣe máa ń pọ́n díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀, èyí tó funfun gbòò ṣòro fún wọn láti ṣe, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta òrùka kò tíì bẹ̀rù. Ti inú ilẹ̀ náà sì ní ìdọ̀tí tirẹ̀ nínú. "Ṣùgbọ́n bó o bá gbé e síbi iṣẹ́, iṣẹ́ kì í béèrè ibi tí wọ́n ti bí ẹ."

Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi, mo ní, "Òòlù ńkọ́, sà? Wọ́n ní òòlù kì í fọ́ èyí tó bá jẹ́ tòótọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Líle yàtọ̀ sí gbígba ìyà. Àwo tánńganran le ju rọ́bà lọ, àbí? Èwo ló ń fọ́ nínú méjèèjì tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ? Ti inú ilẹ̀ ni o, ti ẹ̀rọ ni o, bó o bá fi òòlù lù ú, á di ẹ̀túútú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ní kó má dán an wò."

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni òkúta bàbá mi kú. Bí àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu idẹ tí wọ́n yí etí mìíràn síta, kò wá sí etí tó kù mọ́. Ó ń ha. Mo máa ń gbọ́ "kẹ̀ẹ̀" láti inú ilé. Gíláàsì lódidi á bàjẹ́, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á mú òmíràn, òun náà á bàjẹ́. Oníbàárà á ní òun ń padà bọ̀, a ò sì ní í rí i mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bó bá rí báyìí, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn á padà sábúlé. Mo mọ abúlé náà. Kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ bí kò ṣe àwọn ibojì. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, wọn ò ní í pẹ́ láyé, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

Mo ní, "Bàbá, kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" Kẹ̀kẹ́ ni irin rìbìtì kékeré tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń yí lórí gíláàsì láti fi gé e, kò wọ́n. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ máa ta súìtì.

Mo wá sọ nípa èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe. Mo sọ ohun tí ẹnjiníà sọ, mo fi pẹ́ńsù ṣàlàyé, mo fi iyọ̀ ṣàlàyé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èèyàn ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe nínú ọwọ́ mi. Ọ̀gá mi kò fi irọ́ ṣiṣẹ́, èmi náà ò ní í fi irọ́ ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni irin kan kán ní yáàdì wa, irú èyí tí wọ́n fi ń tún ojú òkúta tó ń lọ irin ṣe, hóró dáyámọ́ńdì kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ti fẹ́ kó o dànù. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnjiníà, mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí n mú un, ṣùgbọ́n ó ní, "Sọ fún bàbá rẹ o." Mo ní màá sọ.

Lọ́jọ́ kejì mo fi áńkáṣíìfù di ohun èlò bàbá mi, mo rìn gba Boundary kọjá pẹ̀lú rẹ̀ nínú báàgì mi. Wẹ́dà yáàdì wa yọ hóró àtijọ́ kúrò lẹ́nu idẹ, ó fi tuntun sí i, ó fi fáìlì tún un ṣe, ó fi ọ́ìlì dúdú pa á kó má dán jù. Hóró àtijọ́ náà, inú ìgò oògùn orí fífọ́ ni mo kó o sí. Mo dá ohun èlò náà padà sínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù kí bàbá mi tó dìde. Mo sọ fún ara mi pé bí ara wọn bá yá tán ni màá sọ fún wọn. Ara wọn yá. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, inú wọn ń dùn, n kò fẹ́ bà á jẹ́.

Rárá, mo ti fo nǹkan kan. Inú wọn kò kọ́kọ́ dùn. Òkúta tuntun kò mọ ọwọ́ wọn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń gé gíláàsì, kò rìn gaara, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Ibà yìí ti gba ọwọ́ mi." Wọ́n á fi omi gbígbóná jó o lálaalẹ́. Èmi ni mo ń gbé omi náà ka iná. Mo ń wo ọwọ́ tí kò ní àìsàn kankan tí wọ́n ń tọ́jú. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti òkúta bára mu. Mo gbọ́ "ṣíì" láti inú ilé lọ́jọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. Àwọn oníbàárà padà. Bàbá mi dúró níwájú fọ́tò ọ̀gá wọn, wọ́n ní, "Mo dúpẹ́ o. Òkúta yín jí dìde." Wọ́n jẹ́rìí sí i ní ìpàdé àwọn àgbà ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní isinmi ọjọ́ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì purọ́ fún bàbá tó ń jẹ́rìí kò lè mọ bí "Àmín" ṣe ń wúwo lẹ́nu.

Ọdún méjì kọjá báyìí.

Ọkùnrin Warri kan wà ní òdìkejì títì tí òun náà ń gé gíláàsì. Kò burú sí bàbá mi, ó máa ń kí wọn dáadáa, ó kàn fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ ni. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń fi pọ́tì di etí férémù níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wọlé wá pẹ̀lú ohun èlò tuntun tí wọ́n bá a rà láti òkè òkun.

"Baba, ẹ wò ó. Dáyámọ́ńdì ni. Na machine born am, but e dey cut well well. Na the same thing with your own."

"Kì í ṣe the same thing," ni bàbá mi dá a lóhùn.

"Baba, na the same!"

"Tèmi, Ọlọ́run ló dá a. Tìrẹ, àwọn kan ló sè é bí ìrẹsì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Abeg, how person go take know?"

Bàbá mi dìde. Mo rí ojú wọn. "Òòlù ló máa fi hàn. Gbé tìrẹ wá ká gbé e sórí irin. Tìrẹ á di ìyẹ̀fun, tèmi á fò sókè."

Ọkùnrin náà fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn kíákíá. "Ah, no o, Baba! Mi ò ṣe o." Inú bí bàbá mi. Wọ́n mú ohun èlò tiwọn, wọ́n fi pílayà yọ hóró náà kúrò lẹ́nu idẹ, wọ́n gbé e lé àjákù irin rélùwéè tí wọ́n fi ń na ìṣó. Wọ́n gbé òòlù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn: n kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé á fọ́. Ẹnjiníà ti sọ fún mi. Mo lè pariwo pé "Bàbá, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́, tòótọ́ àti ti ẹ̀rọ." Ṣùgbọ́n mo ronú pé bí mo bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde, mo sì tún rò pé wọ́n kàn ń halẹ̀ ni. Pọ́tì wà lọ́wọ́ mi. Òòlù balẹ̀.

Kò dún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òòlù kúrò, ìyẹ̀fun pípọ́n díẹ̀ ló wà lórí irin náà, bí iyanrìn tí ènìyàn gbọ̀n kúrò nínú bàtà. Ọkùnrin Warri náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, sorry," ó sì rọra bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi kò wo irin náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí wọ́n wò ni fọ́tò ọ̀gá wọn. Wọ́n ní, "Ọdún méje. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó wá fi ayédèrú tú mi sílẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, tòótọ́ náà máa ń fọ́. Ẹnjiníà wa sọ ọ́."

"Ọ̀gá mi ló sọ pé kì í fọ́. Bó bá jẹ́ pé tòótọ́ ń fọ́, ó purọ́ nípa òòlù. Bí kì í bá fọ́, ó purọ́ nípa òkúta. Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ kí n mú?"

Wọ́n sọ fọ́tò náà kalẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ kọ pákó lábẹ́ tábìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọn ò gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá. Bí oníbàárà bá dé, wọ́n á ní kó lọ sí òdìkejì títì. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún wọn, ìdajì rẹ̀ ni mo ń bá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sì rẹ̀ mí ju gbogbo ìrìn tí mo ti rìn lọ sí Àpápá lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ dúró kí òtítọ́ bá òun. Ó ń ba orúkọ ọ̀gá wọn tó ti kú jẹ́ lójú mi, òkú tí kò ṣẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn mi. Mo gbé ìgò oògùn orí fífọ́ náà lé orí tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ibà, áńkáṣíìfù, wẹ́dà, omi gbígbóná. Mo ní èyí tí wọ́n fọ́, ẹ̀rọ ló ṣe é. Ti ọ̀gá yín ló wà nínú ìgò yìí. Ọ̀gá yín kò tàn yín jẹ.

Wọ́n tú hóró náà sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yí i, wọ́n fi àtàǹpàkò wá etí tó ti jẹ. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Èyí kò ní í fọ́ nígbà náà."

"Á fọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Òun náà á fọ́. Kì í ṣe pé ọ̀gá yín purọ́, wọn ò mọ̀ ni."

Wọ́n na ọwọ́ sí òòlù. Mo yára dìde, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé orí irin rélùwéè náà, mo fi bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Mi ò ní í gbé e kúrò, sà."

Wọ́n wò mí. Kò sí ìbínú nínú ojú wọn, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni, bó ṣe rẹ èmi náà. Wọ́n ní, "Ọdún méjì lo fi purọ́ fún mi. Ìwọ náà lo wá ń sọ fún mi pé òótọ́ ni ọ̀gá mi sọ, ìwọ náà lo tún ń sọ pé òótọ́ tó sọ kì í ṣe òótọ́. Èwo ni kí n gbà lẹ́nu ẹ?"

Wọ́n fi òòlù sílẹ̀. Wọ́n di hóró náà sí etí áńkáṣíìfù wọn, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n fi sápò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé fọ́tò náà, wọ́n fi apá aṣọ wọn nu ojú rẹ̀, wọ́n sì so ó padà síbi tó wà. Wọ́n sọ fún fọ́tò náà, kì í ṣe fún mi, "Ẹ má bínú. Ẹ ò purọ́. Inú ilé mi ni irọ́ wà."

Wọ́n ra kẹ̀kẹ́ agégíláàsì tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ padà, àdúrà òwúrọ̀ padà, wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi tán, wọ́n ń bá mi ṣàwàdà nípa àwọn tírélà Tin Can. Kò sí ẹni tó máa wọ ilé wa tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti dárí jì mí, mo sì gbà pé lóòótọ́ ni wọ́n dárí jì mí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan láti ọ̀nà Ìjọra wá nítorí lúfà mẹ́jọ. Bàbá mi ní kí n bá a lọ. Mo bá a lọ, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sára páálí, mo mú un wá. Wọ́n ka ohun tí mo kọ. Wọ́n gba téèpù lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́ máa lọ níwájú. Nínú oòrùn yẹn, wọ́n fi ẹsẹ̀ àgbà wọn rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀. Ìwọ̀n wọn àti tèmi, ọgbọọgba ni. Wọ́n gé e.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn ò gba iṣẹ́ wíwọ̀n kúrò lọ́wọ́ mi. Mò ń lọ wọ̀n ọ́n ní gbogbo Sátidé, n kò sì ṣì í wọ̀n rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá ti dé, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á wọ bàtà wọn, wọ́n á tún lọ wọ̀n ọ́n.